Ta Ló Ni Ohun Tí A Gé Kúrò Nínú Fọ́tò?

Lọ́dún 2019, mo gbé kámẹ́rà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà lọ sí Okun Alfa, abúlé etíkun kan ní Lekki. Alpha Beach ni àwa tí a ń ti ìta wá máa ń pè é. Oòrùn fẹ́ wọ̀, òkun ń dán, mo sì ya fọ́tò tó lé ní igba. Èyí tó dùn mọ́ mi jù ní àléébù kan: àtíbàbà ìyá kan tó ń ta ẹja díndín wà lápá ọ̀tún. Tapólì orí rẹ̀ ti ya, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà sì wà nílẹ̀ káàkiri. Nígbà tí mo délé ní Ajah, mo gé apá ọ̀tún yẹn dànù. Mo fi kún pípọ́n ojú ọ̀run, mo sọ ọ́ di JPEG, mo gbé e sórí Instagram. Àwọn èèyàn ń bèèrè pé, "Ṣé Nàìjíríà nìyí?" Inú mi dùn gan-an. Kọ̀ǹpútà mi ti fẹ́ kún nígbà yẹn, mo bá pa fáìlì àkọ́kọ́ rẹ́.

Lọ́dún tó kọjá, mo ń kọjá lọ lẹ́bàá ọjà Ajah, mo gbọ́ tí ẹnì kan ń pè mí: "Bùọ̀dá onífọ́tò!" Ìyá ẹlẹ́ja ni. Ó ní òkun ti gba ibi tí àwọn wà tẹ́lẹ̀, ọjà Ajah lòun ti ń tajà báyìí. Lẹ́yìn tí a kíra tán, ó ní, "Fọ́tò tẹ́ ẹ yà lọ́jọ́ sí, ṣé ó ṣì wà? Ibẹ̀ ni mo ti tọ́ ọmọ mẹ́rin. Mi ò ní fọ́tò ibẹ̀ kankan." Mo yọ fóònù, mo ṣí Instagram. Ìyá wò ó, ó sún un mọ́ ojú, ó tún wò ó. Ó ní, "Ó mà rẹwà o. Àwa ńkọ́?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Ìbéèrè yẹn ló jẹ́ kí n jókòó kọ èyí.

Àwa tí a ń ya fọ́tò ìrìn àjò máa ń jiyàn lórí irú fáìlì tó dáa jù. Àwọn kan ní RAW ni, àwọn kan ní JPEG ti tó. A máa ń sọ ọ́ bíi pé ọ̀rọ̀ àyè àti dátà lásán ni. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an, torí inú ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìyá ẹlẹ́ja wà.

Nígbà tí ẹ bá tẹ kámẹ́rà, ó máa ka ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ ní ojú kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀. Nínú RAW oní-bíìtì 14, ìpele ìmọ́lẹ̀ tí ojú kọ̀ọ̀kan lè kọ sílẹ̀ jẹ́ 16,384. JPEG tí a máa ń lò jẹ́ oní-bíìtì 8: ìpele 256 péré fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Kò tán síbẹ̀. JPEG á pín fọ́tò sí kélekèle, ojú mẹ́jọ níbùú, mẹ́jọ lóòró, á wá fi ìṣirò tí Nasir Ahmed, ọmọ Íńdíà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde lọ́dún 1974 mọ ohun tó ṣe pàtàkì nínú wọn. Ojú èèyàn máa ń tètè rí ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ ju ìyàtọ̀ àwọ̀ lọ, nítorí náà ó máa dín àwọ̀ kù. Àwọn nǹkan wínníwínní tí ẹ kò ní fura sí pé kò sí níbẹ̀, ó máa sọ wọ́n nù. Èyí tó bá sì ti sọ nù, kò tún sí bí a ṣe lè rí i gbà padà.

RAW dà bí ata tí a kò tíì lọ̀; JPEG ni ọbẹ̀ tó ti jinná. Ẹni tó ní ata lọ́wọ́ ṣì lè pinnu ohun tó fẹ́ fi sè. Ẹni tó ní ọbẹ̀ kò lè sọ ọ́ di ata mọ́.

Ẹ ti rí i pé kò sí fọ́tò kan tí a kò tún ṣe. Ẹni tó kọ "no filter" sábẹ́ fọ́tò rẹ̀ kàn gba filter tí àwọn ẹnjiníà ilé iṣẹ́ kámẹ́rà yàn fún un ni. Kódà, àwọn tó ń fi fọ́tò ròyìn kò fohùn ṣọ̀kan lórí ibi tí òótọ́ wà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2015, Reuters sọ fún àwọn ayàwòrán tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn pé kí wọ́n má fi fọ́tò tí wọ́n sè láti inú RAW ránṣẹ́ mọ́. JPEG tí kámẹ́rà fúnra rẹ̀ ṣe ni àwọn fẹ́. Ìdíje World Press Photo ní tiwọn máa ń bèèrè fáìlì àkọ́kọ́ tó ti inú kámẹ́rà jáde lọ́wọ́ àwọn tó bá dé ìpele ìkẹyìn, kí wọ́n lè fi í wé èyí tí wọ́n fi díje. Reuters kò fẹ́ kí ọwọ́ rẹ kàn án púpọ̀. World Press Photo gbà kí ọwọ́ rẹ kàn án níwọ̀n, àmọ́ ẹlẹ́rìí gbọ́dọ̀ wà.

Ti ẹlẹ́rìí ni mo fara mọ́, ohun tó sì jẹ́ kí n fara mọ́ ọn wà nílé. Lọ́dún 1978, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, kọ àpilẹ̀kọ sínú ìwé àtìgbàdégbà African Arts lórí bí Yorùbá ṣe ń ya fọ́tò. Ìlá-Ọ̀ràngún wà lára ibi tó ti ṣèwádìí. Ó rí i níbẹ̀ pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú láìjẹ́ pé wọ́n ti ya àwọn méjèèjì pọ̀, onífọ́tò á ya èyí tó kù, á sì tẹ fọ́tò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan náà, kí ó lè dà bíi pé àwọn ìbejì jókòó pa pọ̀. Bí wọ́n bá jẹ́ akọ àti abo, èyí tó kù á wọ aṣọ tirẹ̀ fún àkọ́kọ́, á wọ aṣọ ti èkejì fún ìkejì. Kò sí Photoshop, kò sí AI. Òkùnkùn yàrá onífọ́tò ni wọ́n ti ń ṣe é.

Ṣé irọ́ nìyẹn? Rárá o. Ìyá ọmọ mọ̀, bàbá mọ̀, onífọ́tò mọ̀. Kò sẹ́ni tí wọ́n tàn jẹ. Àtúnṣe yẹn dá ẹni tó ti lọ padà sáàárín àwọn èèyàn rẹ̀. Ọ̀mọ̀wé Babatunde Lawal ṣàlàyé pé inú "à-wò-rántí" ni ọ̀rọ̀ náà "àwòrán" ti wá: ohun tí a ń wò kí a lè rántí. Onífọ́tò Ìlá ṣe àtúnṣe kí wọ́n lè rántí. Èmi ṣe tèmi kí àwọn èèyàn lè gbàgbé pé ẹnikẹ́ni ń gbé níbẹ̀.

Ohun tí mo ń sọ kò ju èyí lọ: gígé fọ́tò kì í ṣe irọ́. Ẹ̀ṣẹ̀ mi ni pé mo gé ẹlòmíì kúrò láìbi í, mo sì tún pa ẹ̀rí rẹ́, bíi pé èmi nìkan ni mo ni ohun tó wà nínú fọ́tò. Kámẹ́rà ni tèmi. Àtíbàbà kì í ṣe tèmi.

Ọ̀rọ̀ yìí wúwo sí i ní etíkun wa, torí ilẹ̀ ibẹ̀ gan-an kò dúró. Láàárín ọdún 1908 sí 1912, ìjọba amúnisìn kó òkúta ńláńlá sí ẹnu ọ̀nà tí ọ̀sà fi ń wọ òkun l'Ékòó, kí ọkọ̀ ojú omi lè máa wọlé láìséwu. Iyanrìn tí omi máa ń gbé láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn há sẹ́yìn òkúta náà. Etíkun tó wà lápá ìlà oòrùn kò rí iyanrìn tó mọ́, òkun sì ń jẹ ẹ́ láti ìgbà náà. Níbi tí ilẹ̀ ti ń lọ báyìí, fọ́tò tí àlejò yà lè jẹ́ ẹ̀rí kan ṣoṣo pé àwọn èèyàn kan ṣiṣẹ́ jẹun níbẹ̀ rí.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. Ẹ máa ní hard drive wọ́n, dátà wọ́n, ta ló fẹ́ tọ́jú gbogbo ẹ̀? Òótọ́ ni. RAW kan lórí kámẹ́rà mi máa ń tó nǹkan bí 25MB. JPEG rẹ̀ kì í sábà ju 8MB lọ. Àwọn kan sì wà tí wọn kò fẹ́ kí fọ́tò àwọn wà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìyẹn náà jẹ́ ẹ̀tọ́ wọn. Bí ìyá ẹlẹ́ja bá sọ fún mi pé, "Ẹ yọ mí kúrò," ó yẹ kí n yọ ọ́ tọkàntọkàn. Àmọ́ òun ló yẹ kó sọ ọ́. Èmi ni mo sọ ọ́ fún un.

Nítorí náà, mo ti yí bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́ padà. Bí mo bá rìnrìn àjò, RAW àti JPEG ni mo ń yà pọ̀. JPEG á lọ sọ́dọ̀ àwọn tí mo yà lọ́jọ́ náà gan-an, kí n tó kúrò níbẹ̀. Bí mo bá fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp, gẹ́gẹ́ bíi document ni, torí bí a bá fi í ránṣẹ́ bí fọ́tò lásán, WhatsApp á tún fún un kéré, á sì yọ ọjọ́ àti ibi tí a ti yà á kúrò. RAW ni mo fi ń ṣe àtúnṣe nínú darktable, tí kì í fọwọ́ kan fáìlì àkọ́kọ́. Inú fáìlì kékeré mìíràn ló ń kọ gbogbo ohun tí mo ṣe sí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kọ kóòdù máa mọ̀ ọ́n: ó jọ git. Gé e bó ṣe wù ẹ́, ọ̀nà àtipadà wà. Nígbà tí àyè bá kún, àwọn fọ́tò òkun lásán ni mo kọ́kọ́ ń pa rẹ́. Èyí tí èèyàn bá wà nínú rẹ̀, tàbí ilé èèyàn, tàbí ìsọ̀ èèyàn, ó ń lọ sórí hard drive méjì. Mo dín owó data mi kù láti ra ìkejì.

Mo padà lọ bá ìyá ẹlẹ́ja. Mo sọ òótọ́ fún un pé mo gé àtíbàbà rẹ̀ nítorí mo rò pé ó ń ba fọ́tò jẹ́, àti pé kò sí mọ́. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ń yí ẹja inú epo. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ọ̀rá yẹn ńkọ́? Mo máa ń gbálẹ̀ láràárọ̀ o. Àwọn tó ń wá fẹ́ atẹ́gùn ló ń jù ú síbẹ̀."