ÀDÉHÙN ÀNÁBÌ MÚSÁ: Ìmọ̀ràn fún ẹni tí ó ń lọ ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè

Kùtúbà kìíní

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tí ó tẹ́ ilẹ̀ pẹrẹsẹ kí àwọn ẹrú Rẹ̀ lè máa rìn lórí rẹ̀, tí ó sì fi arísìkí sí ibi tí ó wù Ú. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó tọ ipasẹ̀ wọn títí di ọjọ́ àgbéǹde. Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, mo ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ fún ara mi ṣáájú, lẹ́yìn náà fún yín, pé kí a bẹ̀rù Ọlọ́hun nílé àti ní ìrìn-àjò, nítorí kò sí ìlú tí a lè lọ tí kò ní í rí wa.

Ẹ̀yin ará mi nínú ẹ̀sìn, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó wa yìí, ó ṣọ̀wọ́n kí òbí kan má mú ọmọ rẹ̀ wá síwájú pé kí a bá òun ṣe àdúà, pé ọmọ fẹ́ lọ dáhùn ìbéèrè físà ní ilé iṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà ní Walter Carrington Crescent. A máa ń ṣe àdúà náà, a ó sì máa ṣe é lọ. Ṣùgbọ́n Ànábì wa kọ́ wa pé kí a so ràkúnmí mọ́lẹ̀ kí a tó gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́hun. Okùn tí a ó fi so ó ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí kò lọ láti lọ tẹ̀dó. Físà J-1 ni wọ́n ń wá, èyí tí í ṣe ti ètò pàṣípààrọ̀ àlejò tí òfin Amẹ́ríkà ti ọdún 1961 gbé ró. Akẹ́kọ̀ọ́, olùkọ́, oníṣègùn tí ó ń kọ́ṣẹ́ sí i, olùwádìí ìmọ̀, àti ọ̀dọ́ tí ó fẹ́ fi ìsinmi ilé ìwé ṣiṣẹ́, gbogbo wọn ni ètò náà wà fún. Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù nínú rẹ̀ ni pé ó ní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ní ọjọ́ ìparí.

Ẹ̀yin ènìyàn, ẹ̀sìn wa kò ṣàìmọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ ka Súrátùl-Kọ́sáàsì láti ẹsẹ 22 dé ẹsẹ 29. Ànábì Músá sá kúrò ní Mísírà, ó dé Madyan láìní ojúlùmọ̀ kankan. Ó bá ọmọbìnrin méjì fún ẹran wọn lómi, kò bèèrè owó. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún bàbá wọn pé kí ó gba ọkùnrin náà síṣẹ́, nítorí ẹni tí ó lágbára tí ó sì ṣeé fọkàn tán ni ó dára jù láti gbà. Bàbá náà fi ọdún mẹ́jọ lọ̀ ọ́. Bí Músá bá sì fẹ́ sọ ọ́ di mẹ́wàá, ìyẹn wá láti ọwọ́ rẹ̀. Ó ní òun kò fẹ́ ni ín lára. Músá gbà, ó sì fi Ọlọ́hun ṣe ẹlẹ́rìí. Nígbà tí ó parí àsìkò náà, ó kó ìdílé rẹ̀, ó bá ọ̀nà lọ.

Ẹ̀kọ́ mẹ́rin ni ó wà níbẹ̀ fún wa.

Èkínní: Músá mọ iye ọdún kí ó tó fọwọ́ kan iṣẹ́. Ẹ̀yin ọmọ wa, ìwé kan wà tí wọ́n ń pè ní DS-2019. Orúkọ àjọ tí ó ṣe onígbọ̀wọ́ yín, irú ètò tí ẹ bá lọ, ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí, gbogbo rẹ̀ ni ó wà nínú rẹ̀. Ẹ kà á lẹ́sẹẹsẹ. Ẹ bèèrè iye owó iṣẹ́, iye wákàtí, ibùsùn, àti àyè láti kírun Jímọ̀, kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé kankan. Ìjọba Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ máa ń tẹ orúkọ àwọn àjọ onígbọ̀wọ́ tí ó fọwọ́ sí jáde. Ẹ wò ó. Òfin ìwọlé a máa yí padà, ilẹ̀kùn tí ó ṣí lánàá lè wà ní títì lónìí. Ẹ wádìí lẹ́nu ilé iṣẹ́ aṣojú wọn kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Alágbàtà tí ó bá ní kí ẹ ṣáà fọwọ́ sí i, pé ìyókù yóò yanjú lọ́hùn-ún, ẹ sá fún un.

Èkejì: bàbá náà kò ni òṣìṣẹ́ rẹ̀ lára. Ẹ̀tọ́ yín ni èyí. Pásípọ́ọ̀tù yín kì í ṣe ohun tí ọ̀gá iṣẹ́ ń gbà pamọ́. Láti ọdún 2008 ni òfin Amẹ́ríkà ti pàṣẹ pé kí wọ́n máa fún àwọn kan tí ń gba físà iṣẹ́ tàbí ti ètò yìí ní ìwé pélébé tí ó sọ ẹ̀tọ́ wọn. Ẹ má jù ú nù. Bí ẹnì kan bá fi yín ṣe ẹrú, 1-888-373-7888 ni nọ́ńbà tí ẹ lè pè lọ́hùn-ún. Adójútòfò ìlera jẹ́ dandan fún gbogbo ọjọ́ ètò náà, kò sì gbọdọ̀ dín ní 100,000 dọ́là fún àìsàn tàbí ìjàǹbá kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá ṣí kúrò nílé kan sí òmíràn, ẹ jẹ́ kí onígbọ̀wọ́ yín mọ̀ láàárín ọjọ́ 10. Bí wọ́n bá sì ṣe àbòsí sí yín, onígbọ̀wọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi tó létí. Ẹ má sá lọ síbi iṣẹ́ tí kò sí nínú ìwé yín, kí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ má baà di ẹlẹ́ṣẹ̀ lójú òfin.

Ẹ̀kẹta: agbára àti ìfọkàntán. Ẹ ṣe iṣẹ́ yín bí ẹni tí ó mọ̀ pé Ọlọ́hun ń wo òun. Ẹ san owó orí tí ó tọ́. Ẹ má fi ìrun ṣeré: ní ojú ọ̀nà, ẹ lè gé ìrun kúrú, ṣùgbọ́n ní mádíábì Màlíkì tí a ń tẹ̀lé, ẹni tí ó bá ti pinnu láti gbé ìlú kan fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko, ìrun rẹ̀ ti di pípé.

Ẹ̀kẹrin: Músá parí àsìkò rẹ̀, ó sì ṣí. Lẹ́yìn ọjọ́ ìparí, 30 ọjọ́ ni àlejò J-1 ní láti palẹ̀ mọ́, kì í ṣe láti ṣiṣẹ́. Àwọn kan sì wà, bí oníṣègùn tí ó lọ kọ́ṣẹ́ àti ẹni tí owó ìjọba rán lọ, tí wọ́n gbọ́dọ̀ padà wá gbé ilé fún ọdún méjì kí wọ́n tó lè gba irú físà mìíràn kan. Ẹsẹ kìíní Súrátùl-Mâídà pa á láṣẹ fún onígbàgbọ́ láti mú àdéhùn ṣẹ. Kò yọ àdéhùn tí a bá ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí ṣe sílẹ̀. Àgbàfipamọ́ ni físà. Mo tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun fún ara mi àti fún yín.

Kùtúbà kejì

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, ìkẹ́ àti ọlà kí ó máa bá Òjíṣẹ́ Rẹ̀. Ẹ̀yin òbí, ọ̀rọ̀ kàn wá báyìí.

Ọ̀dọ́kùnrin kan ládùúgbò wa lọ ṣiṣẹ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì fún oṣù mẹ́rin. Nígbà tí àsìkò pé, ó pe ilé pé òun ń bọ̀. Ilé ní kí ó má tíì bọ̀: òrùlé kò tíì parí, ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀ ń bọ̀ lọ́nà. Ó dúró. Ọdún kan lé e, ọdún mìíràn lé e, kò ní ìwé mọ́. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, inú fóònù ni ó ti gbọ́ ìrun òkú, nítorí ó mọ̀ pé bí òun bá jáde, òun kò ní lè padà wọlé. Ìyá rẹ̀ wá bá mi lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ. Ó ní: "Lèmọ́mù, èmi ni mo ní kó má bọ̀."

Ẹ̀yin òbí, ẹ má ta ilé ẹbí, ẹ má yá owó èlé nítorí ìrìn-àjò oṣù mẹ́rin. Gbèsè nílé ni ó ń dè ọmọ mọ́lẹ̀ lókèèrè. Ànábì wa sọ pé ìyà ń bẹ nínú ìrìn-àjò, ó sì ní kí ẹni tí ó bá ti ṣe ohun tí ó bá lọ tán yára padà sọ́dọ̀ àwọn ará ilé rẹ̀.

Ẹ má sì rò pé ẹni tí ó padà wálé ti pàdánù. Ẹ wo mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní òpópónà Martins, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1894. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn Àgùdà hàn lára rẹ̀, àwọn tí ìran wọn ti oko ẹrú ní Brazil bọ̀ wá sí Èkó. Ìfipá ni wọ́n fi kó ìran náà lọ, síbẹ̀ ìmọ̀ iṣẹ́ bá wọn padà, a sì ń kírun lábẹ́ rẹ̀ títí dòní. Kí ni yóò dé tí ẹni tí ó fi ìfẹ́ inú lọ kò ní í mú nǹkan bọ̀ wálé?

Ọlọ́hun, dáàbò bo àwọn ọmọ wa tí ń bẹ lókè òkun. Má fi wọ́n lé alábòsí lọ́wọ́. Jẹ́ kí wọ́n mú àdéhùn ṣẹ, kí o sì dá wọn padà fún wa pẹ̀lú ìlera, ìmọ̀ àti arísìkí tí ó mọ́. Dárí jin àwọn òkú wa. Jẹ́ kí Èkó tòrò, kí Nàìjíríà dára tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ wa yóò máa fẹ́ bọ̀ wálé. Àmín.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, ẹ dìde, ẹ to sáàfù, kí a kírun.