Báńkì Tí Ó Tóbi Jù: Kí A Tú U Ká Ni, Tàbí Kí A Máa Ṣọ́ Ọ?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lẹ́ẹ̀kọ yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn olówó, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó kan àpò ìyá ni. Níbi ìpàdé wa kan ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá kan láàárín wa tí ó ń ta gààrí ní ọjà Ifo bi mí pé, “Ìyá Tíṣà, kí ló dé tí ìjọba kò fi tú àwọn báńkì ńlá ńlá wọ̀nyí sí wẹ́wẹ́, kí ara lè tu mẹ̀kúnnù?” Òmíràn tí ó ń gbé ní Mowe dá a lóhùn pé kí a má tú nǹkan kan ká, kí ìjọba ṣáà máa ṣọ́ wọn lójú méjèèjì. Àwọn ará Ibafo gbè sẹ́yìn ti Ifo, ariwo sì sọ. Mo ṣe ìlérí pé n ó rò ó dáadáa, n ó sì kọ èrò mi sílẹ̀. Òun nìyí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú mi rí. Ní oṣù kìíní ọdún 1998, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ báńkì 26 lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwa olùkọ́ ní owó nínú ọ̀kan nínú wọn. Báńkì kékeré ni. Ohun tí ó mú wa fẹ́ràn rẹ̀ ni pé ọ̀gá ibẹ̀ mọ orúkọ wa, ó sì máa ń kí wa bí a bá wọlé. Àjọ NDIC ni ìjọba dá sílẹ̀ láti máa dúró fún owó tí àwọn ènìyàn fi sí báńkì, ṣùgbọ́n nígbà náà kì í san ju 50,000 náírà lọ fún oníbàárà kan. Lójú òfin, oníbàárà kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ wa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a ju ogójì lọ. 50,000 náírà yẹn ni a kọ́kọ́ rí gbà, gbogbo wa. Owó ilé-ìwé ọmọ wà nínú èyí tí ó há, owó páànù ilé wà nínú rẹ̀. Bàbá olùkọ́ kan tí ó ku oṣù mẹ́ta kí ó fẹ̀yìn tì jókòó sábẹ́ igi máńgòrò ilé-ìwé wa lọ́jọ́ náà, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Nítorí náà, n kò lè gbà pé bí báńkì bá ṣáà ti kéré, ewu ti tán. Ìtàn ilẹ̀ wa kò sọ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, àwọn ọmọ ilẹ̀ wa dá báńkì sílẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, nítorí pé ó ṣòro kí báńkì òyìnbó tó yá wọn lówó. Títí di 1952 kò sí òfin gidi kan tí ó de iṣẹ́ náà. Kí 1954 tó parí, èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn báńkì wọ̀nyí ti wó. Díẹ̀ ni ó yè é. Ọ̀kan ni Agbonmagbe Bank, tí Olóyè Mathew Adekoya Okupe, ọmọ Iperu ní ìpínlẹ̀ wa yìí, dá sílẹ̀ ní 1945, èyí tí a mọ̀ sí Wema Bank lónìí. Kò sì tíì pẹ́ púpọ̀, ní oṣù karùn-ún 2023, tí Báńkì Àpapọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn báńkì kékeré 132, irú èyí tí ó ń yá àwọn ìyá ọjà lówó.

Ṣé títóbi wá ni ààbò? A ti dán ìyẹn náà wò. Ní oṣù keje 2004, Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Soludo, tí ó jẹ́ gómìnà Báńkì Àpapọ̀ nígbà náà, pàṣẹ pé kí owó ìdásílẹ̀ báńkì kúrò ní bílíọ̀nù 2 náírà, kí ó di bílíọ̀nù 25, kí 2005 tó parí. Báńkì 89 di 25. A ní àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Ọdún mẹ́rin kò pé lẹ́yìn náà, ní oṣù kẹjọ 2009, tí Sanusi Lamido Sanusi lé ọ̀gá báńkì márùn-ún kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Union Bank, Oceanic àti Intercontinental wà nínú wọn, èrò wọn kò sì kéré. Wọ́n ti yá àwọn ènìyàn lówó rẹpẹtẹ láti fi ra ìpín okòwò, iye owó ìpín sì já wálẹ̀ ní 2008. Báńkì Àpapọ̀ kó bílíọ̀nù 420 náírà sínú báńkì márùn-ún náà. Kí ọdún tó yí, mẹ́ta mìíràn kún wọn, owó náà sì di bílíọ̀nù 620.

Ẹ̀yin ìyá, ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti di ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́. Nígbà tí báńkì kékeré tiwa kú ní 1998, kò sí ẹni tí ó gbé owó wá láti gbà á là. Àwa olùkọ́ ni a jókòó sábẹ́ igi. Nígbà tí àwọn ńlá ń kú lọ ní 2009, owó ìlú ni a fi gbé wọn dìde. Nígbà tí èrè ń wọlé, ti ẹni díẹ̀ ni. Nígbà tí gbèsè dé, ó di ti gbogbo wa. Ṣé ó tọ́ bẹ́ẹ̀?

Síbẹ̀, n kò lè sọ pé kí a jẹ́ kí wọ́n kú. Ẹ wo ìyá onígààrí wa. Ojoojúmọ́ ni ó ń dá owó fún alájọ. Alájọ ń kó o lọ sí báńkì kékeré, báńkì kékeré sì ń fi tirẹ̀ sí báńkì ńlá. Bí báńkì ńlá bá wó ní Èkó, ìyá tí kò wọ ilé rẹ̀ rí ni yóò wó lé lórí ní Ifo. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí á sùn lóru.

Nígbà tí mo ń ṣe tíṣà, mo ní ọmọ kan ní kíláàsì tí ó ga ju gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Bàbá rẹ̀ ni ó ra àga fún ilé-ìwé. Bí ó bá gba oúnjẹ ọmọ ẹlòmíràn jẹ, kò sí olùkọ́ tí ó jẹ́ bá a wí. Kì í ṣe gíga rẹ̀ ni ó ń bà á jẹ́, ẹ̀rù tí ń ba àwa olùkọ́ ni. Nígbà tí ọ̀gá tuntun dé, tí ó sì bá a wí níṣojú bàbá rẹ̀, ọmọ náà tún ìwà ṣe. Òun gan-an ni ó wá ń gbé àga tí ó wúwo fún wa.

Nítorí náà, èsì mi nìyí: kí a máa ṣọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ìṣọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Mo rí ohun mẹ́ta nínú rẹ̀.

Èkínní, bí báńkì bá ṣe tóbi tó ni kí ìṣọ́ rẹ̀ le tó. Láti 2014 ni Báńkì Àpapọ̀ ti ní òfin àkànṣe fún àwọn báńkì tí ìṣubú wọn lè kó bá gbogbo ìlú. Òfin yìí dára, bí a bá ń tẹ̀ lé e.

Èkejì, kí owó ìyá ọjà má wà nínú àpò kan náà pẹ̀lú owó tí a fi ń ṣe òwò eléwu. Amẹ́ríkà ya méjèèjì sọ́tọ̀ nínú òfin ní 1933, ó sì mú ìdènà náà kúrò ní 1999; gbogbo wa ni a rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn báńkì wọn ní 2008. Àwa náà gba báńkì láyè ní 2001 láti máa ṣe oríṣiríṣi òwò owó pọ̀. Ní 2010 ni a tó sọ fún wọn pé kí wọ́n jọ̀wọ́ àwọn òwò mìíràn tàbí kí wọ́n yà wọ́n sọ́tọ̀. Òfin irú èyí ní Ìlú Ọba bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2019.

Ẹ̀kẹta, kí ìyà jẹ ẹni tí ó ṣẹ̀, kí ó sì kàn án lápò. Ní 2010, ilé-ẹjọ́ rán Cecilia Ibru, ọ̀gá Oceanic tẹ́lẹ̀, lẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà, ó sì gba dúkìá tí iye rẹ̀ tó nǹkan bí bílíọ̀nù 191 náírà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn kan ní ẹ̀wọ̀n náà kéré. Èmi ní dúkìá tí a gbà yẹn ni ó kọ́ àwọn yòókù lọ́gbọ́n.

Ǹjẹ́ ìgbà kan wà tí ó yẹ kí a tú báńkì ká? Ó wà. Bí ẹni tí a ní kí ó ṣọ́ báńkì bá ti ń bẹ̀rù rẹ̀, tí kò lè wí fún un pé “Rárá,” báńkì náà ti tóbi jù, kí a tú u ká. Ìgbà tí ó ṣì ń dàgbà ni kí a sì ti mọ̀. Igi gànnàgánná má gún mi lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Mo ń sọ èyí nítorí pé ní oṣù kẹta 2024, Báńkì Àpapọ̀ tún pàṣẹ pé kí báńkì tí ó ń ṣiṣẹ́ dé òkè òkun ní bílíọ̀nù 500 náírà owó ìdásílẹ̀. Ìrìn tí a rìn ní 2004 ni a tún ń rìn, a kò sì gbọ́dọ̀ gbàgbé 2009.

Àyípadà rere kan wà. Nígbà tí wọ́n gba àṣẹ lọ́wọ́ Heritage Bank ní 3 oṣù kẹfà 2024, NDIC ti gbé iye tí ó ń san fún oníbàárà kan dé mílíọ̀nù 5 náírà, ó sì jẹ́ mílíọ̀nù 2 fún àwọn báńkì kékeré. Ká ní bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní 1998, bóyá bàbá abẹ́ igi máńgòrò ì bá bá wa sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ béèrè lọ́wọ́ báńkì yín bóyá NDIC dúró fún owó yín níbẹ̀. Ẹ má kó gbogbo owó ẹgbẹ́ sí ojú kan. Ìṣọ́ sì ti ilé bẹ̀rẹ̀: ta ni ó yẹ ìwé akápò ẹgbẹ́ wa wò kẹ́yìn? Bí a bá ń bẹ̀rù láti bi arábìnrin tiwa léèrè iye tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ni a fẹ́ bi báńkì? Ní ìpàdé tí ń bọ̀, èmi ni n ó kọ́kọ́ béèrè. Kí akápò má bínú sí mi o.