Ilẹ̀ Ń Rìn, Ààlà Ń Kọ́?



Púpọ̀ nínú wa tó ń ṣiṣẹ́ ní àwọn ilé-iṣẹ́ Ìkẹjà, Ọgbà àti Agége ló ń tọ́jú owó oṣù díẹ̀díẹ̀ láti fi ra ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì sí ìhà Alágbàdo tàbí Ìfọ̀. Níbi tí ilẹ̀ bá ti wọ́n báyìí, ọ̀rọ̀ ààlà kì í pẹ́ dìjà. Àwọn kan tó kàwé nínú wa wá ń sọ pé sáyẹ́ǹsì ti fi hàn pé ilẹ̀ fúnra rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Nítorí náà, kò sí ìwọ̀n tó péye, kò sì sí ẹni tó lè fi gbogbo ẹnu sọ pé aládùúgbò òun ré kọjá ààlà. Ṣé òótọ́ ni? Ẹ jẹ́ kí á yẹ̀ ẹ́ wò.

Lákọ̀ọ́kọ́, ilẹ̀ ń rìn lóòótọ́. Gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà, Èkó nínú rẹ̀, ń sún lọ sí ìhà àríwá-ìlà-oòrùn ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 lọ́dún. Láàárín 40 ọdún, ìyẹn tó nǹkan bíi mítà kan. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí kò dúró kì í sì í ṣe àjèjì sí àwọn onímọ̀ Ìsìláàmù. Nínú ìwé Taḥdīd tí al-Bīrūnī parí ní 1025, lórí wíwọn ibi tí ìlú kọ̀ọ̀kan wà àti mímọ kíbílà, ó ti sọ pé òkun a máa di ilẹ̀, ilẹ̀ a sì máa di òkun.

Ṣùgbọ́n ta ni ìrìn yìí gba ilẹ̀ rẹ̀? Òpó bíkìn tìrẹ, ti aládùúgbò rẹ, ògiri àti mọ́sálásí àdúgbò, gbogbo wọn ló jọ ń lọ. Ẹ wo èrò inú ọkọ̀ ojú irin tó ń gba Agége kọjá: ọkọ̀ ń sáré, ṣùgbọ́n ìjókòó ẹnì kan kò tìtorí bẹ́ẹ̀ wọnú ti ẹnì kejì. Pulọ́ọ̀tì tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120 lánàá, bẹ́ẹ̀ náà ló jẹ́ lónìí. Ilẹ̀ tó ń rìn kò jí ilẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ènìyàn ló ń jí i.

Èkejì, àwọn kan ń fi iye tí fóònù wọn gbé jáde ta ko ìwé sọ́fè àtijọ́. Òpó kan ní Minna, tí wọ́n ń pè ní L40, ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀ ìṣirò àtijọ́ ní Nàìjíríà. Ti sátẹ́láìtì ń ka tirẹ̀ láti àárín gbùngbùn ayé. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì lè tó bíi 100 mítà ní Èkó, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan òpó. Òṣùwọ̀n méjì ni wọ́n. Ẹni tó bá ń mú èyí tó ṣe é láǹfààní nígbà tó ń gbà, tó sì ń mú èkejì nígbà tó ń fúnni, kó lọ ka Sūratul-Muṭaffifīn, kó wo ẹni tí ibẹ̀ ń bá wí.

Ẹ̀kẹta, ti ilẹ̀ tó ń rì yàtọ̀. Níbi tí wọ́n bá ti ń fa omi abẹ́ ilẹ̀ jù, tàbí tí wọ́n ti fi yanrìn dí ẹrẹ̀, ibì kan lè rì ju ibòmíràn lọ. Sátẹ́láìtì ti rí irú rẹ̀ ní àwọn apá kan Èkó. Níbẹ̀, òpó lè tẹ̀, gọ́tà sì lè da omi sílé onílé. Ìdí nìyí tí awọnlẹ̀ tó mọṣẹ́ fi ń kọ ọjọ́ tó wọn ilẹ̀ sínú ìwé, tó sì ń yẹ òpó kan wò láti ara òmíràn.

Kí wá ni ìpéye? Bí awọnlẹ̀ bá wọn ilẹ̀ yí po, tó padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀, àlàfo díẹ̀ máa ń wà. Olóòótọ́ kì í fi í pamọ́. Yóò kọ ọ́ sílẹ̀. Bó bá pọ̀ ju bí òfin iṣẹ́ ṣe gbà lọ, yóò tún un wọ̀n. Àṣìṣe kékeré tí a jẹ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣe ìrẹ́jẹ. Ìrẹ́jẹ ni kí a mọ̀ọ́mọ̀ fi àṣìṣe bojú.

Ẹ má sì fojú kékeré wo ẹsẹ̀ bàtà kan. Ẹni tó bá sún ògiri rẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà kan péré lẹ́gbẹ̀ẹ́ 120 ti gba yàrá 10 sí 12 lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ìdí nìyẹn tí Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) fi kìlọ̀ nípa ilẹ̀ tí kò ju ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ lọ, tó sì gbé ẹni tó ń yí àmì ààlà padà sábẹ́ ègún. Àwọn baba wa tó ń gbin pèrègún sí ààlà kò ní ẹ̀rọ kankan, síbẹ̀ wọ́n mọ̀ pé ẹni tó bá fòru hú u kò lè sọ pé ilẹ̀ ló rìn.

Bí aládùúgbò méjì tó jẹ́ olóòótọ́ bá wọn ilẹ̀ tí iye wọn kò dọ́gba ńkọ́? Kí wọ́n jọ mú awọnlẹ̀ kan tó ní ìwé-àṣẹ, kí wọ́n jọ dúró nígbà tó ń wọ̀n, kí wọ́n fi òpó kan náà ṣe ìpìlẹ̀. Bí iyèméjì bá ṣì kù, ṣùlùhù ló dára. Ẹni tó fi ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan sílẹ̀ nítorí Ọlọ́hun kò pàdánù.

Kí Ọlọ́hun má ṣe jẹ́ kí á fi ilẹ̀ onílẹ̀ kọ́lé. Āmīn.