Ta Ni Yóò Tọrọ Àforíjì?

Ọ̀rọ̀ eré ni mo mú wá lọ́tẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi ojú eré wò ó.

Ìtàn Cinderella kì í ṣe àjèjì sí ẹni tó bá ti ṣe tíṣà rí. Ọmọbìnrin tí ìyá rẹ̀ kú, tí ìyàwó bàbá rẹ̀ sọ di ọmọ ọ̀dọ̀, tó ń jókòó nídìí àrò títí eérú fi kún gbogbo ara rẹ̀. Iwin olóore kan sọ elégédé di kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin fún un, ó lọ jó ní ààfin, bàtà dígí rẹ̀ kan bọ́ sílẹ̀, bàtà yìí ni ọmọ ọba sì fi wá a rí. Ó lé ní ogún ọdún tí mo fi ń sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ kíláàsì mi. Bí mo bá ti parí rẹ̀, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí: "Mà, kí ni wọ́n wá fi ìyàwó bàbá yẹn ṣe?"

Ìdáhùn mi kì í já geere, nítorí pé èmi náà jẹ́ ìyàwó bàbá. Ọkùnrin tí aya rẹ̀ ti ṣaláìsí ni mo fẹ́, mo sì bá ọmọbìnrin kan nílé.

Ní ọdún 2014, ọmọ yìí, tí òun náà ti di abiyamọ ní Amẹ́ríkà, mú èmi àti àwọn ọmọ rẹ̀ lọ wo eré Cinderella ní Broadway, ní New York. Eré olórin ni. Richard Rodgers ló ṣe orin rẹ̀, Oscar Hammerstein ló sì kọ ọ̀rọ̀ inú orin náà. Tẹlifísàn ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún ní 1957, Julie Andrews ló sì ṣe Cinderella nígbà náà. Ó di 2013 kí ó tó dé Broadway, Douglas Carter Beane ló sì tún ìtàn rẹ̀ tò. Ẹ ò rí bí àkísà ṣe di aṣọ ijó lára ọmọbìnrin náà lójú kòrókòrò wa, tí kò sì kúrò lórí ìtàgé! Àwọn ọmọ fò dìde. Èmi náà pariwo, n kò níí purọ́.

Nínú eré yìí, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìyàwó bàbá náà, Gabrielle, jẹ́ ọmọ dáadáa, ó di ọ̀rẹ́ Ella. Nígbà tí eré fẹ́ parí, Ella dárí ji ìyàwó bàbá rẹ̀. Ọmọ-ọmọ mi, ọmọ ọdún méje, fi ẹnu kò mí létí, ó ní, "Màmá àgbà, ó ti yá jù."

Ọ̀rọ̀ ọmọ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Nígbà tí mo padà délé, mo wá ìtàn àtijọ́ náà kà. Charles Perrault, ará Faransé, tí ó kọ tirẹ̀ ní 1697, sọ pé àwọn ọmọ ìyàwó bàbá náà wólẹ̀ lẹ́sẹ̀ Cinderella, ó gbé wọn dìde, ó dì mọ́ wọn, ó fún wọn nílé ní ààfin, ó sì wá ọkọ ọlọ́lá fún wọn. Àwọn arákùnrin Grimm ní Jámánì kò ṣojú àánú bẹ́ẹ̀: nínú ìwé tí wọ́n tún tẹ̀ ní 1819, ẹyẹlé ló yọ ojú àwọn ọmọbìnrin náà. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wo ohun kan. Nínú ìtàn méjèèjì, ọmọ ló tọrọ àforíjì, ọmọ ni ẹyẹ yọ lójú. Ìyá tó kọ́ wọn níwà burúkú, a kò gbọ́ ohunkóhun nípa rẹ̀ mọ́. Bàbá wà láàyè nínú méjèèjì, òun náà kò lanu.

Àwọn kan lè sọ pé ẹni tó ti di ìyàwó ọmọ ọba, kí ni yóò ná an láti dárí jini? Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí ọwọ́ ẹni bá tẹ pàṣán ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rántí ẹni tó nà wọ́n. Ti Ella kò ni mí lára. Ti ìyàwó bàbá ni. Bí wọ́n bá ti dárí jì í kíákíá, ó bọ́ lọ́wọ́ sísọ ohun tó ṣe. Àwa náà ń ṣe é: bí ọdún bá ń parí lọ, a ó dìde ní ìpàdé, a ó ní, "Gbogbo ẹni tí mo bá ṣẹ̀, kí wọ́n foríjì mí," a ó sì jókòó. Gbèsè tí a kò dárúkọ iye rẹ̀, báwo ni a ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá a ti san án?

Ní Kérésìmesì 1986, mo ra bàtà tuntun fún ọmọ tí mo bí, n kò ra fún ọmọ tí mo bá nílé. Mo ní tirẹ̀ kò tíì ya. Kì í ṣe pé owó kò sí. Ọmọ náà kun bàtà rẹ̀ àtijọ́ títí ó fi ń dán, ó wọ̀ ọ́, ó sì tẹ̀ lé wa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sọ nǹkan kan. Láti ìgbà náà, ó ń tọ́jú mi ju bí mo ṣe tọ́jú rẹ̀ lọ, mo sì fi ìyẹn tan ara mi pé ọ̀rọ̀ náà ti tán.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí a lọ wo eré náà, ó ń fọ abọ́ ní kíṣìnnì. Mo ní, "Ọ̀rọ̀ kan wà. Bàtà pupa tí mo rà fún àbúrò rẹ lọ́dún kan, tí n kò ra tìrẹ..."

Kò bojú wẹ̀yìn. Omi ẹ̀rọ ń dà. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ó ní, "Funfun ni, Mọ́mì. Ó ní bọ́tìnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́."

Ìgbà yẹn ni mo tó tọrọ àforíjì.