Orúkọ Ta Ni Kí A Kọ Sára Òkúta?

Ọ̀rẹ́ mi kan, òṣìṣẹ́ ìjọba ní Ìbàdàn, ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. A jọ ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Moor Plantation ló bá ní ó yẹ kí wọ́n gbé òkúta ìrántí ńlá kan kalẹ̀ síbẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ nílẹ̀ wa. Mo ní, “Orúkọ ta ni ẹ máa kọ sí i?” Ó bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Ṣé ọmọ Ìlàjẹ ni mí. Lọ́dọ̀ tiwa, òkúta ìrántí kì í pẹ́. Ayétòrò tí wọ́n tẹ̀ dó létí òkun lọ́dún 1947, tí àwọn èèyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá wò nígbà kan, òkun ti gba púpọ̀ nínú rẹ̀. Ibi tí wọ́n sin ìyá tó bí ìyá mi sí, omi ló wà níbẹ̀ báyìí. Ohun tí màmá àgbà fi sílẹ̀ tí òkun kò rí gbà ni bí a ti ń ṣe púpurú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ gàrí nìkan, ẹ fara balẹ̀ gbọ́. A ó bó ẹ̀gẹ́, a ó rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ mélòó kan títí yóò fi rọ̀, a ó fún omi rẹ̀ dànù, a ó mọ ọ́n roboto bíi bọ́ọ̀lù, a ó wá tò ó sókè iná kí èéfín gbẹ ẹ́. Ara rẹ̀ á dúdú. Tó bá di ọjọ́ tí a fẹ́ jẹ ẹ́, a ó ha dúdú yẹn kúrò, a ó gún un, a ó fi omi gbígbóná rò ó. Ọbẹ̀ ẹja ló bá a lọ, ẹ má fi ẹran bà á jẹ́. Níbi tí omi yí ilé ká, tí nǹkan kì í fẹ́ gbẹ, àwọn obìnrin tí ẹnikẹ́ni ò mọ orúkọ wọn ló dán an wò títí tó fi bọ́ sí i. Ìwádìí kọ́ nìyẹn bí?

Ṣùgbọ́n kò sí púpurú láìsí ẹ̀gẹ́, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti kan Moor Plantation. Ọdún 1899 ni wọ́n dá a sílẹ̀, nígbà tó sì di 1910, ó di olú-iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ fún ìjọba òyìnbó ní Gúúsù. Àrùn kan ń bá ẹ̀gẹ́ jà: ewé á ká kò, á di aláwọ̀ tótòtó, iṣu ìdí rẹ̀ ò sì ní tóbi. Ní Amani, ní Tanzania, wọ́n mú ẹ̀gẹ́ àti igi rọ́bà kan tó jẹ́ ìbátan rẹ̀, wọ́n gba irú lára méjèèjì. Èso ohun tí wọ́n ṣe níbẹ̀ dé Moor Plantation, nínú rẹ̀ ni wọ́n sì ti ṣa èyí tí wọ́n pè ní 58308. Nígbà tí Dókítà S. K. Hahn, ọmọ Kòríà, dé IITA ní Ìbàdàn lọ́dún 1971, 58308 yìí wà lára ohun tó fi ṣiṣẹ́. Ọ̀kan nínú ọmọ rẹ̀ ni TMS 30572 tí àwọn àgbẹ̀ gbà tọwọ́tẹsẹ̀. Kòkòrò funfun kan tún wọlé dé, agbọ́n tín-ín-rín láti Paraguay ni Hans Herren àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní IITA tú sí i láti 1981. Wọ́n fún un ní Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé lọ́dún 1995.

Ibi tó ń dùn mí nìyí. Àwọn tó dá Moor Plantation sílẹ̀ kò ro ti púpurú. Òwú fún ẹ̀rọ ìhunṣọ àwọn ará ilẹ̀ wọn ló gbà wọ́n lọ́kàn. Bí ẹni tó ń wá òwú fún ara rẹ̀ bá ṣèèṣì di ẹni tó bọ́ wa, ṣé a jẹ ẹ́ ní gbèsè ọpẹ́? Ọ̀rẹ́ mi ní, “Iṣẹ́ là ń dúpẹ́ fún, kì í ṣe inú.” Ó jọ òótọ́. Bí ẹnìkan bá tan àtùpà kó lè rí ọ̀nà tirẹ̀, tí mo sì fi ìmọ́lẹ̀ náà rìn délé, inú mi á dùn sí i. Àmọ́ n ò ní tìtorí ìyẹn fi í joyè. Ìdùnnú ọ̀tọ̀, ọlá ọ̀tọ̀. Ìkirè mọ èyí: Hahn tó mọ̀ pé àwọn ló ń ṣiṣẹ́ fún ni wọ́n fi jẹ Sẹ́ríkí Àgbẹ̀ lọ́dún 1983.

Àwọn lébìrà tó kọ ebè ńkọ́, tí wọ́n ń gbin igi ẹ̀gẹ́ nínú oòrùn? Àwọn àgbẹ̀ tó kó kúrò nílẹ̀ bàbá wọn kí IITA, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1967, tó rí bí ẹgbẹ̀rún kan hẹ́kítà lò ńkọ́? Orúkọ wọn ò sí lára ẹ̀gẹ́ kankan. Nọ́ńbà ni ẹ̀gẹ́ ń jẹ́.

Ọ̀rẹ́ mi bínú díẹ̀. Ó ní bí a bá fi gbogbo àtakò wọ̀nyí pa òkúta náà tì, àwọn ọmọ wa á rò pé ojú ọ̀run ni ẹ̀gẹ́ ti já bọ́. Mi ò rí èsì fún un, nítorí èmi náà ti jẹ púpurú fún ogójì ọdún kí n tó gbọ́ nípa 58308.

Nígbà tí mo délé, mo lọ sọ́jà Igbókòdá. Mo bi ìyá kan tó ń ta púpurú pé irú ẹ̀gẹ́ wo ló fi ṣe é.

“Àgíríìkì ni.”

“Màmá, kí ló dé tí wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀?”

“Bí wọ́n ṣe ń pè é nìyẹn, ọmọ mi. Ṣé wàá rà á, àbí ìbéèrè lo bá wá sọ́jà?”

Mo ra mẹ́fà.