Àlejò Tó Dúró ní Gàmbàrí

Orúkọ àlejò ni àdúgbò yìí ń jẹ́. Gàmbàrí ni Yorùbá ń pe Haúsá. Àwọn Haúsá tó wá sí Ìlọrin, tí àwọn oníṣòwò wà lára wọn, tí wọn kò padà mọ́, ló sọ ibẹ̀ di àdúgbò wọn, tó fi ní Balógun tirẹ̀ títí dòní. Kò sẹ́ni tó sanwó fún wọn kí wọ́n má lọ. Ní ti àwọn oníṣòwò, màígídá, ìyẹn onílé tó tún jẹ́ alágbàtà, ló gbà wọ́n sílé, ó bá wọn wá oníbàárà, ó dúró fún wọn lórí gbèsè, ó sì gba làádà rẹ̀ ní gbangba.

Ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe ní Gàmbàrí ni mo jókòó sí tí mo ń ro èyí. Ọmọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù náà to fóònù mẹ́rin síwájú, gbogbo wọn ló ń fi ṣe DeFi, ètò owó orí íntánẹ́ẹ̀tì tí kò ní báǹkì nínú. Wọ́lẹ́ẹ̀tì mọ́kànlá, ìmeèlì mọ́kànlá. Orúkọ ìyá rẹ̀ àgbà wà lára ọ̀kan. Ó ní, “Tí airdrop bá ti wọlé, mo tà á, mo kúrò níbẹ̀ nìyẹn.” Airdrop ni tókìn, ìyẹn owó orí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń pín lọ́fẹ̀ẹ́.

Owó tí èrò bá fi sílẹ̀ nínú irú ètò bẹ́ẹ̀ làwọn mìíràn fi ń ṣe pàṣípààrọ̀; bí wọ́n bá kó o jáde, ó parí. Ìdí nìyí táwọn tó dá a sílẹ̀ fi máa ń ráhùn pé èrò kì í dúró. Ta ló kọ́ èrò bẹ́ẹ̀? Ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, ẹnì kan tó ń jẹ́ Chef Nomi, tí kò sẹ́ni tó mọ ojú rẹ̀, ṣe àdàkọ Uniswap, ètò DeFi kan tí wọ́n ti ń ṣe pàṣípààrọ̀ tókìn, ó pè é ní SushiSwap, ó sì ń pín tókìn láti fi fa àwọn oníbàárà Uniswap mọ́ra. Wọ́n rọ́ lọ bí ẹni ń lọ síbi sàráà. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹsàn-án, ó ta tókìn tó wà níkàáwọ́ rẹ̀ ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 14 dọ́là, iye rẹ̀ sì já wálẹ̀ wìì.

Ìyẹn kì í ṣe ìwà ọmọlúàbí. Àmọ́ mi ò lè parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ síbẹ̀, nítorí ní ọjọ́ 11 oṣù náà, ó dá owó padà, ó tọrọ àforíjì. Ẹni tí a kò mọ ojú rẹ̀, ojú tì í! Mo mọ àwọn tí gbogbo àdúgbò mọ ilé wọn, tí wọn kò ṣe irú rẹ̀ rí. Sam Bankman-Fried, olórí ilé ìṣòwò owó orí íntánẹ́ẹ̀tì FTX, tí Chef Nomi kó kọ́kọ́rọ́ SushiSwap lé lọ́wọ́, kò fi ojú tirẹ̀ pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ní 2024 ni adájọ́ jù ú sẹ́wọ̀n ọdún 25 nítorí owó àwọn oníbàárà FTX.

Ní oṣù kẹsàn-án yẹn kan náà, Uniswap fún àwọn tó ti ń lò ó tẹ́lẹ̀ ní tókìn 400 lórí àkáǹtì kọ̀ọ̀kan. Èyí jọ oore lójú mi. Ti SushiSwap jọ ìjẹ ẹnu ìwọ̀. Síbẹ̀, oore yìí ló jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ ṣírò rẹ̀ pé àkáǹtì púpọ̀, tókìn púpọ̀.

Mo bi ọmọ náà nípa orúkọ ìyá àgbà. Ó rẹ́rìn-ín. “Àwọn tó dá ètò náà sílẹ̀ náà ń yí òfin padà bí ọjọ́ ìpín bá ku ọ̀la, ẹ̀gbọ́n.” Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò sọ orúkọ ìyá àgbà di tirẹ̀.

Ibẹ̀ la wà tí alájọ fi wọlé, káàdì lọ́wọ́, etí káàdì náà ti gbó. Ó gba ẹgbẹ̀rún kan náírà, ó fi bíírò fa àmì sí i. Owó ọjọ́ kan lóṣù ni tirẹ̀, gbogbo ẹni tó ń dá àjọ ló mọ̀. Nígbà tó jáde, mo bi ọmọ náà pé káàdì mélòó ló ní lọ́dọ̀ alájọ.

Ó wò mí bí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. “Ẹyọ kan ni o. Wọ́n mọ ìyá mi.”