Ọsàn Fìdítì, Ìbò Kogí

Bí ọkọ̀ bá dúró ní Fìdítì, lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, ọsàn ni èrò ń yẹ̀ wò. Ta ló ń béèrè orúkọ ẹni tó gbìn ín? Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé ìdìbò wa: àmì ẹgbẹ́ ló wà lójú rẹ̀, kò sí orúkọ olùdíje kankan níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ jáde dupò ní Afijio, ìjọba ìbílẹ̀ tí Fìdítì wà, ẹ wo ohun tí èyí fi ojú James Fálékè rí.

Ọmọ Ẹ̀kìnrìn-Àdé ni, Yorùbá Òkun ní ìpínlẹ̀ Kogí. Òun ni igbákejì Abubakar Audu, olùdíje APC, nígbà tí wọ́n dìbò gómìnà ní ọjọ́ 21 oṣù Kọkànlá ọdún 2015. Audu ní ìbò 240,867. Idris Wada ti PDP ní 199,514. Ọjọ́ kejì ni Audu kú.

INEC ní ìdìbò kò tíì parí, nítorí ibùdó 91 tí wọ́n ti fagi lé ìbò, wọ́n sì ní kí APC fi ẹlòmíràn rọ́pò olóògbé. Fálékè ní òun ló kàn. Ẹgbẹ́ ní rárá, wọ́n mú Yahaya Bello tó ṣe ipò kejì nínú ìdìbò abẹ́lé. Ìbò 6,885 péré ni Bello rí nínú àtúndì, àmọ́ gbogbo ti Audu ni wọ́n kó lé e lọ́wọ́. Fálékè kọ̀ láti ṣe igbákejì rẹ̀, ó pẹjọ́. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ da ẹjọ́ náà nù ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016.

Ibi tó dùn mí jù rèé: òfin ní bí ẹni tí wọ́n ti kéde bá kú kó tó búra, igbákejì ni yóò gorí àga. Wọn kò tíì kéde Audu ni.

Ní Amẹ́ríkà, orúkọ ènìyàn ló ń wà lórí ìwé. Ọkọ̀ òfurufú já pẹ̀lú Mel Carnahan, olùdíje sẹ́nétọ̀, ní Missouri ní oṣù Kẹwàá ọdún 2000, ọjọ́ sì ti lọ jù láti yọ orúkọ rẹ̀. Wọ́n dìbò fún òkú, òkú wọlé, ìyàwó rẹ̀ ni gómìnà fi sípò sẹ́nétọ̀ náà.

Ní Nàìjíríà, òfin ìdìbò ọdún 2022 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí olùdíje gómìnà bá kú lẹ́yìn tí ìdìbò ti bẹ̀rẹ̀ àmọ́ kí wọ́n tó kéde èsì, igbákejì rẹ̀ ni kó máa bá ìdìbò lọ. Ó ti lé ní ọdún márùn-ún nígbà náà tí wọ́n ti da ẹjọ́ Fálékè nù.